Ọ́síjìn, Òjò àti Àpótí Màámi

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 Oṣù Kẹjọ

Òjò. Ó ti ń rọ̀ láti àná, kò sì jọ pé ó ń gbèrò àtidá. Aṣọ tí mo sá sínú pálọ̀ lọ́jọ́ Àìkú kò tíì gbẹ, ó ti ń rùn bí ajá tí òjò pa. Bàtà Silas ọkọ mi ti bu nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Dúálà lóṣù kẹjọ kì í ṣe ibi tí ó yẹ kí ènìyàn ti bímọ, ṣùgbọ́n ọmọ inú kì í béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìsinmi ìbímọ bẹ̀rẹ̀ lónìí. Mo ti gbé kọ́kọ́rọ́ láàbù fún Stephen tí a jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Mo ní kó má fọwọ́ kan àwọn ẹ̀jẹ̀ mi tó wà nínú fìríìjì, ó ní ṣé òun jọ ẹni tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ni. Ẹ̀jẹ̀ àwọn onítọ̀ ṣúgà ni, ti mémoire tí n óò fi gba máàsítà. Mo fẹ́ fi ọjọ́ tó kù kí n tó bímọ parí orí kejì rẹ̀, èyí tó dá lórí radicaux libres.

Mo kọ ojú ìwé kan àbọ̀. Ọ́síjìn tí à ń mí sínú, bó bá ń ṣiṣẹ́ nínú ara, díẹ̀ nínú rẹ̀ a máa yapa. Ẹnìkejì rẹ̀ á já kúrò lára rẹ̀, á wá di oníjàgídíjàgan, á máa fipá gba ti ẹlòmíràn. Ẹni tí wọ́n gba tirẹ̀ náà á tún kọjú sí aládùúgbò. Ara ní àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń mú wọn. Bí wọ́n bá pọ̀ ju ẹ̀ṣọ́ lọ, àrùn dé nìyẹn: àrùn ọkàn, ojú tó ń fọ́, àtọ̀gbẹ, àní ogbó fúnra rẹ̀. Ó gbà mí ní odidi àárọ̀ láti kọ èyí ní Faransé tó dára. Màámi á sọ ọ́ ní gbólóhùn kan: kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Mo ní kí Silas ra káńfọ̀ bọ̀ láti Akwa. Mo ní páálí kan, ó ra mẹ́ta. Mo há a sí gbogbo dúrọ́ọ̀. Ilé ń rùn bí ṣọ́ọ̀bù Màámi báyìí, ó sàn ju ti ajá lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 8

Màámi dé láti Japoma pẹ̀lú àpótí onírin wọn. Wọn kò tíì wọlé tí wọ́n ti ń ro ẹjọ́ onítakísí.

"Ó gba owó tèmi, ó tún gba ti àpótí! Mo bi í, mo ní, ṣé àpótí náà jókòó ni?"

Aṣọ ọmọ ló kún inú rẹ̀. Àwọn tí èmi fúnra mi wọ̀, gbogbo rẹ̀ funfun kinkin, káńfọ̀ ní gbogbo igun. Ọgbọ̀n ọdún ó lé tí Màámi ti ń ta aṣọ, wọn kò gbà pé kòkòrò kan láyé yìí láya tó láti jẹ aṣọ wọn. Nísàlẹ̀ pátápátá ni ọ̀já òfì wà, èyí tí ìyá wọn hun láti fi pọ̀n wọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n sì kó dání nígbà tí wọ́n tẹ̀lé bàbá mi wá síbí.

"Òun ló pọ̀n mí, òun ló pọ̀n ọ́," wọ́n ní. "Òun náà ló máa pọn èyí."

Ó pọn àwọn ọmọ méjì kan tí Màámi bí ṣáájú mi náà. N kì bá tí mọ̀, bí kì í bá ṣe pé ẹnu ìyá Juliana ọ̀rẹ́ mi yọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí mo wà ní lycée, ilé ẹ̀kọ́ girama. Mo mọ̀ pé ọkùnrin ni àwọn méjèèjì, mo mọ̀ pé wọn kò pẹ́. N kò mọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, a kì í sì í sọ̀rọ̀ wọn.

Silas sín lẹ́ẹ̀mẹta. "Mọ́mì, ça sent fort o," ó ní òórùn náà ti le jù.

Dúálà ni wọ́n bí Silas sí. Ó gbọ́ gbogbo Yorùbá, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ló lè sọ. Màámi ní kó lọ gba atẹ́gùn níta.

Ọjọ́rú, 13

Ó dé láàárọ̀. Ọkùnrin. Ó sanra díẹ̀ ju bí ẹ̀rọ ṣe sọ lọ. Màámi ń jó ní kọ́rídọ̀, nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n rọra. Ó rẹ̀ mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16

A ti délé, ní Bonamoussadi. Òjò kò dá. Màámi fi aṣọ inú àpótí wé ọmọ láti orí dé ẹsẹ̀, imú nìkan ló kù síta. Mo ní ooru á mú un. Wọ́n ní ṣé èmi ni mo tọ́ wọn dàgbà ni.

Ọjọ́ Ajé, 18

Láàárọ̀ yìí, mo fi ìka tẹ imú ọmọ, mo sì gbé ìka kúrò. Ojú ibi tí mo tẹ̀ pọ́n bí ìyeyè. Mo wo ẹyinjú rẹ̀, bákan náà.

Màámi ní ká gbé e sí oòrùn. Oòrùn wo? A gbé e lọ sílé ìwòsàn lábẹ́ agboòrùn méjì.

Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, mo sì ka èsì náà kí dókítà tó kà á. Ohun tí ẹ̀jẹ̀ tó fọ́ ń fi sílẹ̀ ló ń mú ojú ọmọ pọ́n. Bó bá pọ̀ jù, á wọ ọpọlọ. Ó lè mú etí lọ, ó lè mú ọmọ fúnra rẹ̀ lọ. Nọ́ńbà rẹ̀ kò dára. Mo ti tẹ irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ jáde fún ọmọ ẹlòmíràn rí ní láàbù, mo sì ti lọ jẹun lẹ́yìn rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19

Wọ́n gbé e sábẹ́ iná búlúù, ìhòòhò, pámpáàsì nìkan ló wà nídìí rẹ̀, wọ́n sì fi aṣọ bò ó lójú. Ó jọ àgbàlagbà tó ń sinmi létí òkun.

Dókítà Bernice, tó ń tọ́jú àwọn ọmọ, wá wádìí. Ẹ̀jẹ̀ mi àti ti ọmọ kò bá ara wọn jà. Kò sí àrùn nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó wá yíjú sí Màámi, ó fi Píjìnì béèrè bóyá ọmọ kan ti kú rí nínú ẹbí, pàápàá ọmọ tuntun tí ojú rẹ̀ pọ́n.

"No o, Dokta," Màámi dáhùn kíá. "Nothing like that."

Mo wo ògiri. Èmi náà lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, áḿbọ̀sì èyí tí wọn kò fẹ́ kà fúnra wọn. Dókítà kọ ohun tí ó gbọ́.

Ọjọ́rú, 20

Òní ló pé ọjọ́ kẹjọ. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwa wo wọ́ọ̀dù. Pásítọ̀ gbàdúrà ní kọ́rídọ̀, ọmọ wà lábẹ́ iná. Tèmídayọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Silas fi Aurélien kún un, nítorí àwọn olùkọ́ tí yóò máa pè é ní kíláàsì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23

Nọ́ńbà ti wálẹ̀. Wọ́n ní ká máa lọ. Dókítà ní ojú ọ̀pọ̀ ọmọ tuntun ló ń pọ́n, kì í sábà ní ìdí. Mo fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, n kò sì bi í ní ìbéèrè kejì.

Ọjọ́ Àìkú, 24

Ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Màámi fi gáùn funfun inú àpótí wọ̀ ọ́, wọ́n fi ọ̀já òfì pọ̀n ọ́n, ó sì sùn látìgbà orin títí tí ìwàásù fi parí. Gbogbo ènìyàn ní ó jọ bàbá mi. Òjò dá fún bí wákàtí kan.

Inú mi dùn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí n kì í sábà kọ irú rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26

Mo ṣí pámpáàsì rẹ̀ láàárọ̀. Ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bíi Kóòkì. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun, ojú rẹ̀ ti tún pọ́n, kò sì mu ọmú.

A ti padà sílé ìwòsàn. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń fọ́ sínú ara rẹ̀, ó sì ń yára. Dókítà Bernice béèrè ohun tí a fún un: oògùn ibà? Ewé? Mo ní kò sí. Lẹ́yìn náà ni mo jáde lọ bá Màámi lórí bẹ́ńṣì.

"Mọ́mì, kí lẹ fún un mu?"

"Kí ni mo fún ta ni?"

"Àgbo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òtítọ́. N kò ní bínú."

Wọ́n wò mí títí. "Ojúọlápé, omi ọmú rẹ nìkan ló wọ ẹnu ọmọ yẹn. Ìwọ lo kàwé. Lọ wá ohun tó ń ṣe é, kó o fi mí sílẹ̀."

Wọ́n dìde, wọ́n lọ jókòó lẹ́nu géètì lọ́dọ̀ àwọn oní-béńsíkìn, àwọn ọlọ́kadà ìhín, lábẹ́ òrùlé páànù tó ti dípẹtà. N kò gbà wọ́n gbọ́. Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Ọjọ́rú, 27

Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ Silas sí i lára. Ẹ̀jẹ̀ náà ń kán, à ń wò ó. Ẹ̀rù bà mí débi pé n kò lè jókòó, n kò sì lè dúró.

Ọjọ́bọ̀, 28

Ó mu ọmú díẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 29

Ó ti mu dáadáa. Màámi dúró tì í, wọn kò tíì bá mi sọ̀rọ̀. Mo gba ilé lọ wẹ̀ kí n sì kó aṣọ ọmọ bọ̀. Mo ṣí ilẹ̀kùn, òórùn náà sì gbá mi lójú.

Nígbà tí à ń gbé inú rẹ̀, imú wa ti mọ́ ọn lára. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan níta, ó le débi pé omi bọ́ lójú mi. Dúrọ́ọ̀, kọ́bọ́ọ̀dù, àpótí tó ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ọmọ.

Káńfọ̀. Naphtaline. Ó wà nínú orí kejì mémoire mi, nínú àtẹ àwọn nǹkan tó ń sọ ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ di oníjàgídíjàgan. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, mo sì lo lẹ́tà kékeré kí àtẹ náà lè gba ojú ìwé kan.

Mo jókòó sórí táìlì. Gbogbo rẹ̀ tò fúnra rẹ̀. Ọ́síjìn kan náà tó ń jẹ páànù Dúálà di pupa, ẹ̀jẹ̀ ló ń rù ú kiri lójoojúmọ́, kò sì jẹ ẹ̀jẹ̀ nítorí àwọn ẹ̀ṣọ́ wà níbẹ̀. Ensáìmù kan ló ń bọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ náà, G6PD. Wọ́n máa ń bí àwọn kan tí tiwọn kéré, àwọn ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, ara ìyá ni wọ́n sì ti ń jogún rẹ̀. Wọ́n lè dàgbà kí wọ́n darúgbó láìmọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi káńfọ̀ wé irú ọmọ bẹ́ẹ̀, tó ń mí i sínú, tó ń gba awọ ara wọlé, ẹ̀ṣọ́ kò ní tó, ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí fọ́. Nílé ìwòsàn, ìhòòhò ló wà, ara rẹ̀ yá. A gbé e délé, a wé e, ó ṣubú. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò, àbí kí n ní inú àpótí.

Òfo ni mo mú padà lọ sílé ìwòsàn. Mo ra aṣọ tuntun méjì lẹ́bàá ọ̀nà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 30

Mo sọ ohun tí mo rí fún Dókítà Bernice, ó fi ọwọ́ gbá iwájú orí. Ó ní kò wúlò ká yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò báyìí, ti Silas ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ká yẹ tèmi wò.

Mo bá Màámi lórí bẹ́ńṣì. Mo kọ́kọ́ tọrọ àforíjì nítorí ọ̀rọ̀ àgbo. Wọ́n ní ó ti tán. Mo wá ní:

"Káńfọ̀ ni, Mọ́mì. Ara ọmọ kò gbà á. Èmi ni mo ní kí Silas rà á."

"Èyí tó wà ní dúrọ́ọ̀ yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Èyí tó wà nínú àpótí mi ńkọ́?"

Mo ti pinnu pé n kò ní sọ ọ́. "Òun náà, Mà."

Wọ́n ń wo ọwọ́ wọn.

Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Kẹsàn-án

Stephen fẹsẹ̀ ara rẹ̀ mú èsì wá dípò kó pè mí lórí fóònù, nítorí náà mo ti mọ̀ kó tó jókòó. Ìdajì ensáìmù tó yẹ kí n ní ni mo ní.

Yálà bàbá mi tó ti kú ló fún mi, tàbí Màámi. Bó bá jẹ́ bàbá mi, àwọn méjì tó ṣáájú mi kò ní ohun kan í ṣe pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí bàbá kì í fún ọmọkùnrin ní èyí. Bó bá jẹ́ Màámi, ó ní. Abẹ́rẹ́ kan péré ni yóò sọ ọ́. N kò ní gún un. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Silas, mo sì ní kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́.

Ọjọ́bọ̀, 4

A ti dé ilé. Silas kó gbogbo káńfọ̀ jù nù, ó fọ dúrọ́ọ̀, ó ṣí fèrèsé sílẹ̀ fún òjò. Ilé tún ń rùn bí ajá, n kò sì bínú sí i. Màámi ní àwọn fẹ́ lọ wo ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n gbé àpótí wọn dání.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13

Màámi kò tíì padà wá. Wọ́n ń pè láàárọ̀ lálẹ́: "Ọmọ ńkọ́? Ojú rẹ̀ ńkọ́? Ó ṣe dáadáa." Wọ́n á gé fóònù. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá. Wọ́n ní aṣọ ara àwọn ń rùn káńfọ̀.

Àárò wọn ń sọ mí. Ilé dákẹ́ jù, kò sí ẹni tó ń bá onítakísí jà.

Ọjọ́bọ̀, 18

Mo lọ sí láàbù láti wo àwọn ẹ̀jẹ̀ mi. Kò pẹ́ tí Màámi fi wọlé. Wọ́n wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n jókòó sórí àga àwọn aláìsàn, wọ́n ká apá aṣọ sókè.

"Fa tèmi."

"Mọ́mì, kò pọn dandan."

"Silas sọ fún mi. Ó fi Yorùbá rẹ̀ yẹn sọ ọ́, ó pẹ́, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ." Wọn kò wò mí. "Ojú wọn pọ́n, Ojú. Àwọn méjèèjì. Èkejì, ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bíi ti Tèmídayọ̀. Mo rí i lọ́jọ́ yẹn, mo sì mọ̀ ọ́n."

Stephen rọra jáde.

"Ìyá ọkọ mi ní wọn kò fẹ́ dúró ni. Gbogbo ènìyàn ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ń wá, tó ń lọ. Onígbàgbọ́ ni mí, mo ní n kò gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí èkejì ń lọ, mo bú u. Mo ní bó o bá ń lọ, máa lọ, má fi ọwọ́ kan mí mọ́. Ohun tí mo sọ gbẹ̀yìn fún un nìyẹn."

Mo so rọ́bà mọ́ wọn lápá, mo wá iṣan, mo fà á. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ ni mo sunkún.

Ọjọ́ Ajé, 22

Ìdajì, bíi tèmi.

Mo gbé ọmọ dání lọ sí Japoma. Màámi wà ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń ká aṣọ. N kò rí káńfọ̀ kankan. Wọ́n ti fi ata gbígbẹ rọ́pò rẹ̀. Mo sọ èsì fún wọn. Mo ní n kò lè búra pé káńfọ̀ ló mú àwọn méjèèjì lọ, nítorí kò sí ẹ̀jẹ̀ wọn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo ní ó jọ bẹ́ẹ̀ gan-an. Mo ní kò sẹ́ni tó mọ̀ nígbà náà, àní èmi tí mo kọ ọ́ sínú ìwé kò mọ̀ ọ́n nínú ilé mi.

Wọ́n ká aṣọ kan tán, wọ́n tún tú u, wọ́n tún un ká.

"Èmi ni mo fi wé wọn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Èmi náà fi wé tèmi."

Wọ́n wá ní, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń béèrè iye aṣọ: "Nítorí náà, kì í ṣe pé wọn kò fẹ́ dúró."

Kò sí láàbù tó lè dáhùn ìyẹn. "Rárá, Mọ́mì. Wọ́n fẹ́ dúró."

Wọ́n fi ìró bo ojú wọn. Igbe tí wọ́n ké mú kí oníṣọ́ọ̀bù kejì sáré wọlé. N kò dá wọn lẹ́kun. Nígbà tí wọ́n sọ ìró kalẹ̀, wọ́n fọ ọwọ́ wọn ní ìgbà méjì, wọ́n gbọ́ òórùn rẹ̀, wọ́n wá na ọwọ́ gba ọmọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 3 Oṣù Kẹwàá

Mo parí orí kejì. Mo gbé naphtaline kúrò nínú àtẹ, mo fún un ní ìpínrọ̀ tirẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó mémoire mi á ní ó gùn jù. Ìyàwó Ọlágòkè bímọ ní àdúgbò Màámi. Wọ́n ní Màámi kò tíì kí ìyá ọmọ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí gbóòórùn gbogbo aṣọ.

Ọjọ́ Ajé, 6

Ìpadàbẹ̀wò sọ́dọ̀ Dókítà Bernice. Òjò dá. Mo ti ń bẹ̀rù ọjọ́ yìí nítorí etí ọmọ. Dókítà pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ó ta gìrì. Màámi pe orúkọ rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ó yíjú síbẹ̀. Ojú rẹ̀ funfun, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pupa. Dókítà ní kò rí ohun tó ń ba òun lẹ́rù mọ́.

Ó ń pa fáìlì dé nígbà tí Màámi gbé ọwọ́ lé e.

"Dokta, that thing wey I talk first time, no be so. I born three. Two man pikin come before this one. Write am."

Dókítà wò mí. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ṣí fáìlì padà, ó fa ìlà gba orí ohun tó kọ tẹ́lẹ̀, Màámi sì na ọrùn wo ọwọ́ rẹ̀ bó ti ń kọ ọ́. Ó rọra béèrè bóyá wọ́n ní orúkọ.

Màámi ní èkíní kò pé ọjọ́ kẹjọ. Ṣùgbọ́n èkejì ní. Wọ́n pe orúkọ náà fún un, wọ́n rọra pè é lẹ́ẹ̀mejì kó lè kọ ọ́ dáadáa: Ọlárìndé.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí èmi náà gbọ́ ọ nìyẹn.